Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀dà 13 Péré Ni Wọ́n Rà!

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dà 13 péré ni wọ́n rà nínú àwo orin àkọ́kọ́ tí Sunny Adé ṣe?

Mẹ́tàlá o! Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Lọ́dún 1967 ni, Aláàánú l'Olúwa sì ni orúkọ àwo náà. Ká ní ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì oníbàárà rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kọrin nípa ìdíje bọ́ọ̀lù, Challenge Cup, ni gbogbo ìlú bá gbé e.

Ní 1982, ilé iṣẹ́ Island gbé àwo rẹ̀ Juju Music jáde fún gbogbo àgbáyé. Ní 1984, Stevie Wonder fúnra rẹ̀ ló fọn hàmóníkà sínú àwo Aura. Stevie Wonder! Nínú orin jùjú!

Má tíì lọ. Sunny tún fara hàn nínú fíìmù Amẹ́ríkà kan, O.C. and Stiggs, tí Robert Altman darí. Òun àti ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni o, tìlù tìlù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ orin, kí n sì máa kọ nípa rẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn àwo àtijọ́ ló wà létí mi, àwọn ìwé nípa olórin ló wà lórí itan mi, ohun tí mò ń bá pàdé níbẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Sún mọ́ bí, jẹ́ n sọ wọ́n fún ọ.

O ti gbọ́ 13, àbí? Ó yá, gbọ́ èyí. Òròkí Social Club, àwo tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe ní 1971, tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ.

Orin àpàlà ni o! Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo ló fi ń yìn. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù, àti ohùn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí kì í kánjú rárá.

Àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà kò tà. Ọdún 1948 ló ṣe é, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì fi kọ ọ́. Ọba náà wàjà ní 1955, Hárúnà tún orin náà gbà sílẹ̀, ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè.

Ṣé o mọ̀ pé òun àti I.K. Dáíró ló jọ dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969? Olórin ló ni ín, olórin ló ń darí rẹ̀. Nígbà tó di 1979, Hárúnà kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phontrax, tó lè gba ohùn ní ọ̀nà 24. O lè rò pé Èkó ló kọ́ ọ sí. Rárá o, Ìjẹ̀bú-Igbó ni!

I.K. Dáíró tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Onígbàjámọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ń fá orí fún èèyàn. Ó ta aṣọ pẹ̀lú. Ní 1963, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Nígbà tó tún di àárín àwọn ọdún 1990, ó wà ní yunifásítì ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó lórin.

Sàláwà Àbẹ̀ní! Ọmọ ọdún mélòó ni o rò pé ó jẹ́ nígbà tó ṣe àwo wákà rẹ̀ àkọ́kọ́? Ọdún 1961 ni wọ́n bí i. Ọdún 1976 ni àwo náà jáde, lórí ikú Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀. Àwo yẹn tà ju mílíọ̀nù kan lọ, obìnrin kankan kò sì ta iye yẹn rí nínú orin Yorùbá ṣáájú rẹ̀.

Síkírù Àyìndé Barrister jagun nínú ogun abẹ́lé kó tó wá di ọ̀gá fújì. Sójà ni! Àwo tó fi sílẹ̀ lé ní 70.

Wàyí o, ta ló mọ ìtàn Túndé King? Òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní baba orin jùjú. Lágboolé àwọn Sàró ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀: gìtá-báńjò lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹnì kan lórí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan lórí tanborín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ jùjú yẹn o!

Ní 1939 ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó padà wá ní 1941, lẹ́yìn náà wọn ò rí i mọ́. Ọdún kan, kò sí. Ọdún márùn-ún, kò sí. Ogun àgbáyé jà, ó parí, wọn ò gbúròó rẹ̀. Ní 1954 ló yọ sí Èkó padà! Ibi tó wà? Dakar àti Conakry, ó ń ta gìtá.

Ọdún 13! Mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé dé, mo ní kí n kọ́kọ́ mí ná.

Àwo ṣẹ́láàkì ìgbà ayé Túndé King, ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wá gbé Confusion, tí Fẹlá ṣe ní 1975, sórí ẹ̀rọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú 25. Orin kan ṣoṣo ló jẹ ojú àwo méjèèjì tán.

Bí Fẹlá bá sì ti gba orin kan sílẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Kì í kọ ọ́ lágbo mọ́. O fẹ́ gbọ́ ọ? Lọ ra àwo.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, 1978, ó gbé ìyàwó 27. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Ṣùgbọ́n ti ìyàwó kọ́ ló ń yà mí lẹ́nu jù nípa ilé Ransome-Kútì. Ṣé o mọ̀ pé baba tó bí baba Fẹlá ti ṣe àwo orin kí wọ́n tó bí Fẹlá?

Ọdún 1922 ni. Ẹni Ọ̀wọ̀ J.J. Ransome-Kútì, àlùfáà Áńgílíkà ará Abẹ́òkúta, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Baba ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Zonophone, ó sì fi Yorùbá kọ orin ìyìn sínú rẹ̀. Ọ̀kan? Méjì? Orin 43 ni!

Ọdún 16 lẹ́yìn ìyẹn ni Fẹlá tó dáyé.

Bá mi kà á lórí ìka. J.J. bí Israel. Israel, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, bí Fẹlá, ó sì fi í sídìí dùrù láti kékeré. Fẹlá bí Fẹ́mi. Fẹ́mi bí Madé. Ìran márùn-ún, orin kò fi ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀.

Ní 1958 wọ́n rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó dé ọ̀hún tán, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ló wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, Fẹlá kú, Madé dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni Madé náà lọ? Trinity!

Nígbà tí Madé wá ṣe àwo tirẹ̀, For(e)ward, ní 2021, òun nìkan ló lo gbogbo ohun èlò orin tó wà nínú rẹ̀. Ìlù, òun ni. Gìtá, òun ni. Fèrè lóríṣiríṣi, òun náà ni.

Fẹ́mi bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ní 2017, nínú Shrine, ilé eré wọn ní Èkó, ó fi sakasófóònù mú ohùn kan ṣoṣo, kò jẹ́ kó já. Ìṣẹ́jú 51 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni ó fi mú un! Wọ́n lè gbá abala kìn-ín-ní bọ́ọ̀lù tán, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lọ mu omi, kí Fẹ́mi ṣì wà lórí ohùn kan náà.

Wọlé Ṣóyínká tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 náà, àtọmọdọ́mọ J.J. ni. Táyéwò àti Kẹ́hìndé Líjàdú, àwọn ìbejì olórin, ẹbí Fẹlá ni wọ́n, wọ́n sì kọrin ní Munich lásìkò eré Olympics 1972. Ilé kan rèé! Mo lè máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwa oníròyìn orin náà kò gbẹ́yìn o. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe alábòójútó Fẹlá nídìí iṣẹ́ orin, Bàbá Benson Idonije, gbajúgbajà orí rédíò ni, akọ̀wé nípa orin sì ni. Ìwé rẹ̀, Dis Fela Sef!, kò kúrò lórí tábìlì mi. Ṣé o mọ ọmọ ọmọ rẹ̀? O mọ̀ ọ́n dáadáa. Burna Boy ni!

Tony Allen, onílù Fẹlá, ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun ló kọ́ ara rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé ìtàn ayé rẹ̀ kà, èyí tó jáde ní 2013. Ó ní nígbà tí James Brown wá sí Èkó ní 1970, ẹni tó ń to orin fún James Brown dúró síwájú òun, ó ń wo ẹsẹ̀ òun, ó ń wo ọwọ́ òun, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àní James Brown!

Nígbà tí Tony wá fi Fẹlá sílẹ̀, wọ́n ní onílù mẹ́rin ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀.

Jẹ́ ká sọdá òkun wàyí.

Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, 1945. Ogun Hitler parí. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tú síta, wọ́n ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń jó. Ṣé o mọ ẹni tó ń fi orin jó wọn ní Piccadilly Circus? Ambrose Campbell ni, Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà, ọmọ Èkó, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Fẹlá: Fẹlá Ṣówándé. Ní 1944 ló kọ African Suite fún àwọn oníháápù àti fayolíìnì. Rédíò Kánádà mú apá kan nínú rẹ̀, wọ́n fi ń ṣí ètò orin kan tó ń jẹ́ Gilmour's Albums. Ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ó parí ní 1997. Ó lé ní 40 ọdún! Àwọn ará Kánádà dàgbà sínú orin ọmọ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀.

Ó yá, Bàbátúndé Ọlátúnjí. Ọmọ Àjídò, lẹ́bàá Badagry. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950 láti lọ kàwé. Ní 1960 àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Ìlù ni, ohùn ni, èdè Yorùbá ni. Àwọn òyìnbó rọ́ lù ú!

Santana gbé orin kan nínú rẹ̀, ó fi gìtá iná ṣe é ní 1969. John Coltrane kọ orin kan, ó sọ ọ́ ní Tunji nítorí rẹ̀. Bob Dylan dárúkọ rẹ̀ nínú orin. Ilé Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà kó àwo náà mọ́ àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù.

Ọ̀kan tún wà tí mo ń gbọ́ lóru. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, 1967, Coltrane fọn sakasófóònù níwájú èrò ní Harlem. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Eré tó gbẹ̀yìn tí a ní ohùn rẹ̀ lágbo nìyẹn. Ilé ta ni ó ti ṣe é? Ilé àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀!

Solomon Ìlọ̀rí náà ńkọ́? Blue Note, ilé iṣẹ́ tí gbogbo oníjáàsì ń lá àlá rẹ̀, gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1963. African High Life ni wọ́n pè é.

Kúbà! Ìlù bàtá mẹ́ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀, èyí tó tóbi jù sì ṣì ń jẹ́ Iyá títí dòní. Ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ lù ú síta fún àwọn tí kì í ṣe oníṣàngó? Ọdún 1936 ni, ní Havana.

Nínú eré I Love Lucy tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò láwọn ọdún 1950, Desi Arnaz máa ń lu ìlù, á máa ké Babalú. Ọbalúayé ló ń pè yẹn o! Nínú pálọ̀ àwọn òyìnbó!

Dúró, Bàhíà ṣì ń bẹ. Ní 1949, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Salvador dá ẹgbẹ́ eré àjọ̀dún kan sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Filhos de Gandhi. Bẹ́ẹ̀ ni, Gandhi ti Íńdíà! Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wé láwàní, orin òrìṣà ní èdè Yorùbá ni wọ́n ń kọ, ìlù wọn sì ni ijexá. Ìjẹ̀ṣà! Orúkọ ará Íńdíà, ìlù Ìjẹ̀ṣà, ní etíkun Brazil. Mo gbọ́ wọn, orí mi wú.

Gilberto Gil, ọ̀kan nínú àgbà olórin Bàhíà, wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Èkó ní 1977. Ó padà sílé, ó ṣe àwo Refavela lọ́dún náà gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe mínísítà àṣà fún Brazil.

Ọdún 1977 yẹn! Jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sí ohun tó gbà mí lọ́kàn tó o lásìkò yìí.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá. Wọ́n lù wọ́n. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé òkè. Wọ́n dáná sun ilé. Àwọn àwo tó wà níbẹ̀ jóná, ohun èlò orin jóná.

Ọjọ́ kejì, 19 oṣù Kejì. Ní Los Angeles, wọ́n ń pín ẹ̀bùn Grammy. Àwo Stevie Wonder, Songs in the Key of Life, ló gba ipò àwo tó dára jù lọ́dún náà. Wọ́n ní kó wá gbà á. Kò sí ní gbọ̀ngán. Kò tilẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Níbo ló wà?

Èkó ni!

Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, kò já gaara. Ni Andy Williams tó ń darí ètò náà bá bi í pé bí kò bá gbọ́ àwọn, ṣé ó ń rí àwọn. Stevie Wonder, tí kò ríran láti kékeré! Gbogbo Amẹ́ríkà ń wò ó.

Ìlú kan náà. Àná, iná. Òní, Grammy. Mo ti yẹ àwọn ọjọ́ méjèèjì wò léraléra, bákan náà ni wọ́n rí.

Èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́ ló kù. Ṣé o mọ̀ pé Apápá ni Paul McCartney, ti Beatles, ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú Band on the Run sílẹ̀? Ọdún 1973, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI.

Èèyàn márùn-ún ló yẹ kó wá. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra, méjì ní àwọn ò lọ mọ́. Paul, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine nìkan ló dé Èkó. Paul fúnra rẹ̀ ló lu ìlù.

Àwọn adigunjalè dá òun àti Linda lọ́nà, wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin náà wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó rántí ló fi ṣe àwo!

Fẹlá gbọ́ pé Paul wà nílùú, ó ní ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó ni. Paul gbé ohun tó ti ṣe jáde, ó ní kó gbọ́, pé òun ò mú nǹkan kan.

Orin kan nínú àwo náà, Ìkẹjà ni wọ́n ti gbà á, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Ginger Baker. Òyìnbó onílù ni Baker yìí, ó sì wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé Èkó ní 1971. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, wọ́n ń mì ín. Ìró òkúta Ìkẹjà yẹn wà nínú àwo náà títí dòní. Àwo náà gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Olórin Èkó kankan kò fọwọ́ kan ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn lu ìlù sínú orin Bluebird. Wọ́n rí ẹnì kan, Rẹ̀mí Kábákà. Níbo ni Rẹ̀mí ti wá?

Èkó! Paul kò mọ̀ tẹ́lẹ̀!

Ó ku díẹ̀. Ọmọ Rẹ̀mí, tí òun náà ń jẹ́ Rẹ̀mí, wà nínú Gorillaz, ẹgbẹ́ akọrin tí àwòrán ń ṣojú fún. Òun ni ohùn Russel, onílù wọn.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 2020, Tony Allen kú ní Paris. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ni Gorillaz gbé How Far? jáde. Tony ló ń lu ìlù níbẹ̀, Skepta ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Skepta? Joseph Ọláítán Adénúgà lorúkọ ẹ̀!

Àbúrò Skepta ńkọ́? Nígbà tí Apple dá rédíò orin sílẹ̀ ní 2015, tí gbogbo ayé lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀. Ọ̀kan ní Los Angeles. Ọ̀kan ní New York. Ẹni tó jókòó sídìí makirofóònù ní Lọ́ńdọ̀nù ni Julie Adénúgà.